Ihò dúdú ojú sánmà, oko kòkó Príncipe àti fóònù dírẹ́bà Ore: Àlàyé lórí ìwádìí agbára òòfà

Dírẹ́bà tó fi pákó kún ọkọ̀ ní Ore, tó fẹ́ gbé e lọ sí Èkó tàbí Benin, kò nílò láti mọ Einstein kí fóònù rẹ̀ tó sọ ibi tó wà fún un. Á kàn tẹ máàpù, á sì rí àmì kékeré kan tó ń sún bí ọkọ̀ ṣe ń sún. Ṣùgbọ́n àmì kékeré yẹn ò lè dúró síbi tó tọ́ tí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ò bá tẹ̀ lé ìṣirò tí Albert Einstein gbé jáde lọ́dún 1915. Ìṣirò kan náà ni wọ́n fi mọ̀ pé ihò dúdú, ìyẹn ohun tí òyìnbó ń pè ní black hole, lè wà lójú sánmà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ọ̀kan nínú ibi méjì tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú rí ẹ̀rí ìṣirò náà kò jìnnà sí wa. Oko kòkó ni, ní erékùṣù Príncipe, láàárín òkun tó wà nísàlẹ̀ Nàìjíríà. Tí ẹyẹ bá fò tààrà láti Ore, bíi kìlómítà 640 ló máa fò kó tó débẹ̀. Kano jìnnà sí Ore jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni agbára òòfà gan-an?

Tí kóró kòkó bá bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, ilẹ̀ ló ń lọ. Tí ọmọdé bá ju òkúta sókè, yóò padà wálẹ̀. Isaac Newton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1687 pé gbogbo ohun tó bá ní ìwọ̀n ló ń fa ara wọn mọ́ra. Ayé ń fa kòkó, oòrùn sì ń fa ayé. Ìṣirò rẹ̀ dáa gan-an, títí dòní ni wọ́n ṣì ń lò ó láti rán ọkọ̀ lọ sí òṣùpá. Àmọ́ Newton ò sọ ohun tó ń mú kí nǹkan méjì tí kò fara kanra máa fa ara wọn.

Einstein, tí wọ́n bí ní Jámánì, gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ẹ wo ọ̀nà ẹsẹ̀ nínú oko. Tí ìrókò ńlá bá wà níbẹ̀, ọ̀nà á yà gba ẹ̀gbẹ́ igi náà. Ẹni tó ń rìn níbẹ̀ kì í sọ pé ìrókò ló fa òun. Ọ̀nà ló ń tọ̀, ọ̀nà náà ló sì yà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Einstein ṣe wí pé ohun tó bá wúwo máa ń tẹ àyè tó yí i ká, ohun tó bá sì ń kọjá níbẹ̀ á máa tọ ọ̀nà tó ti tẹ̀ náà. Ìdí nìyẹn tí ayé fi ń yí oòrùn ká.

Nǹkan méjì ló tìdí ọ̀rọ̀ yìí yọ. Àkọ́kọ́, ìmọ́lẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yà tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oòrùn. Èkejì, àkókò pàápàá ò rìn bákan náà níbi gbogbo. Aago tó wà níbi tí òòfà ti le máa ń falẹ̀ ju aago tó wà níbi tí kò le tó bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Príncipe lọ́dún 1919

Láti mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń yà, ìràwọ̀ tó bá wà létí oòrùn lèèyàn máa wò, kó wò ó bóyá ó ti sún kúrò níbi tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìràwọ̀ kì í hàn lọ́sàn-án, àfi tí òṣùpá bá bo oòrùn pátápátá. Àwọn tó ti gbọ́njú ní Ore àti Odigbo lè rántí 29 oṣù Kẹta, ọdún 2006, nígbà tí òṣùpá bo ọ̀pọ̀ jù nínú oòrùn lọ́wọ́ tiwa, tó sì bò ó tán ní àwọn apá ibì kan ní Ghana, Togo àti Benin.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní 29 oṣù Karùn-ún, ọdún 1919. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pín ara wọn sí ọ̀nà méjì. Andrew Crommelin àti Charles Davidson lọ sí Sobral ní Brazil. Arthur Eddington àti Edwin Cottingham, tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ aago, wá sí Príncipe, tó wà lábẹ́ ìjọba Portugal nígbà náà. Oko kòkó kan tí wọ́n ń pè ní Roça Sundy ni wọ́n to irinṣẹ́ wọn sí. Ọ̀nà ò já tán débẹ̀, nítorí náà àwọn aláàárù ló gbé ẹrù náà gba inú igbó fún bíi kìlómítà kan.

Kò yẹ ká gbàgbé irú oko tó jẹ́. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1909, iléeṣẹ́ Cadbury àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé àwọn ò ra kòkó São Tomé àti Príncipe mọ́, torí pé iṣẹ́ àfipáṣe, tí kò yàtọ̀ sí ẹrú, ni wọ́n ń mú àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti Angola ṣe níbẹ̀. Orúkọ Eddington ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ilẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, òjò ńlá rọ̀ láàárọ̀. Ìkùukùu bo ojú sánmà. Oòrùn máa ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni, èèyàn ò sì lè ní kó dúró. Eddington àti Cottingham kàn ń ya àwòrán nìṣó láìmọ̀ bóyá ohun kan máa hàn nínú rẹ̀. Àwòrán 16 ni wọ́n yà. Méjì péré nínú rẹ̀ ló ní ìràwọ̀ tó tó wọ̀n, márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí wọ́n ń wá kéré gan-an. Bí ìràwọ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ sún tó kò ju fífẹ̀ kóró kòkó kan lọ, téèyàn bá ń wò ó láti ibi tó jìnnà ju kìlómítà méjì lọ. Tí wọ́n bá fi òfin Newton ṣírò rẹ̀, ìdajì ìyẹn ló yẹ kó jẹ́. Ohun tí wọ́n rí ní Príncipe àti Sobral sún mọ́ ti Einstein ju ti Newton lọ. Ní 6 oṣù Kọkànlá, ọdún 1919, wọ́n kéde rẹ̀ ní London, orúkọ Einstein sì tàn káyé. Àwọn kan jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé àwòrán náà kéré jù láti fi dájọ́. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n ti tún un yẹ̀ wò pẹ̀lú irinṣẹ́ tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti Einstein ló ń borí.

Ihò dúdú: kí ló jẹ́, kí ni kò jẹ́?

Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó lè bọ́ lọ́wọ́ òòfà ayé láti ilẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sáré tó kìlómítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí wọ́n bá fún ayé pọ̀ kó kéré sí i láìdín ìwọ̀n rẹ̀ kù, eré tí rọ́kẹ́ẹ̀tì máa sá á máa pọ̀ sí i. Tí wọ́n bá lè fún gbogbo ayé, pẹ̀lú òkè àti òkun rẹ̀, títí tó fi kéré bíi kóró kòkó kan, ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò ní lè jáde kúrò lórí rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìmọ́lẹ̀ ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ohun tó yára jù ú lọ. Ohun tó bá ti rí báyẹn ló ń jẹ́ ihò dúdú. Karl Schwarzschild, ará Jámánì tó wà lójú ogun àgbáyé kìíní, ló ṣe ìṣirò tó bí èrò yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1916.

Kò sẹ́ni tó lè fún ayé pọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìràwọ̀ ńláńlá lè ṣe é fúnra wọn. Iná tó ń jó nínú ìràwọ̀ ló ń tì í síta, tí òòfà ò fi lè fún un pa. Lọ́jọ́ tí epo inú rẹ̀ bá tán, òòfà á borí, inú rẹ̀ á sì wó lu ara rẹ̀. Oòrùn tiwa ò tóbi tó láti di ihò dúdú.

Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp ni pé ihò dúdú ń bọ̀ wá gbé ayé mì. Irọ́ ni. Ihò dúdú kì í rìn kiri máa fa nǹkan bí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Tí wọ́n bá yọ oòrùn kúrò, tí wọ́n sì fi ihò dúdú tó ní ìwọ̀n kan náà rọ́pò rẹ̀, òtútù á pa wá o, òkùnkùn á sì bò wá, àmọ́ ayé á ṣì máa yí i ká bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù nìkan ló wà nínú ewu. Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú àwọn tí wọ́n ti rí, tí wọ́n ń pè ní Gaia BH1, jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ máa rin ìrìn ohun tó lé ní 1,500 ọdún kó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ohun tí kò ní ìmọ́lẹ̀?

Afẹ́fẹ́ kò ṣeé rí, ṣùgbọ́n ewé tó ń mì ń sọ pé ó ń fẹ́. Reinhard Genzel àti Andrea Ghez fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ àwọn ìràwọ̀ tó wà láàárín gbùngbùn agbo ìràwọ̀ tiwa. Wọ́n rí ọ̀kan tó ń fi ọdún 16 yí ohun kan ká, ohun náà ò sì hàn. Ìṣirò fi hàn pé ó wúwo tó oòrùn mílíọ̀nù mẹ́rin. Àwọn méjèèjì àti Roger Penrose, tó fi ìṣirò hàn pé òfin Einstein gbà kí ihò dúdú wà, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2020.

Lẹ́yìn náà ni àwòrán. Ní 10 oṣù Kẹrin, ọdún 2019, àwọn onímọ̀ gbé àwòrán ihò dúdú àkọ́kọ́ jáde. Ó wà nínú agbo ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní M87, ó sì wúwo tó oòrùn bílíọ̀nù mẹ́fà àti ààbọ̀. Òrùka iná ló hàn, tí àárín rẹ̀ dúdú. Awò awọ̀nàjínjìn mẹ́jọ káàkiri ayé ni wọ́n so pọ̀ láti yà á. Dátà tí wọ́n kó jọ pọ̀ débi pé íntánẹ́ẹ̀tì ò lè gbé e, ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n fi kó àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Ní 12 oṣù Karùn-ún, ọdún 2022, wọ́n gbé àwòrán èyí tó wà ní agbo ìràwọ̀ tiwa jáde pẹ̀lú.

Ìró tó wá láti ọ̀nà jíjìn

Bí òkúta bá bọ́ sódò, omi á ru. Einstein sọ pé tí ohun wíwúwo méjì bá ń yí ara wọn po, àyè fúnra rẹ̀ náà á ru, ìgbì á sì jáde. Ó gba nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó rí i mú.

Ẹ̀rọ tó mú un ń jẹ́ LIGO. Méjì ni, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà: ọ̀kan ní Hanford, èkejì ní Livingston. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní apá méjì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà mẹ́rin, ìmọ́lẹ̀ lésà sì ń lọ ń bọ̀ nínú rẹ̀. Tí ìgbì bá kọjá, apá kan á gùn ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kéré ju ohun tó kéré jù nínú eruku lọ ní ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ìgbà. Ará Ore máa lóye ìṣòro ti Livingston dáadáa: inú igbó gẹdú ló wà, ọkọ̀ tó ń kọjá àti àwọn tó ń gé igi máa ń da ẹ̀rọ náà láàmú. Ẹ ronú ẹ̀rọ tó ń gbọ́ mímì ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó Olúwa, tàbí lẹ́bàá títì tí tírélà ń gbà tọ̀sán tòru!

Ní 14 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2015, ìgbì kan wọlé. Livingston ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kí Hanford tó gbọ́ ọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tí wọ́n pín sí nǹkan bí 140. Ihò dúdú méjì ló para pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀kan wúwo tó oòrùn 36, èkejì tó 29, èyí tí wọ́n dà sì jẹ́ 62. Oòrùn mẹ́ta tó ṣẹ́ kù ti di agbára, ó bá ìgbì lọ. Ìmọ́lẹ̀ máa rìn fún bíi bílíọ̀nù kan àti mílíọ̀nù 300 ọdún kó tó ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n yí i padà sí ìró, ó dún bíi fèrè tó ń ròkè, kò sì tó ìṣẹ́jú àáyá kan tó fi parí. Rainer Weiss, Kip Thorne àti Barry Barish gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ lọ́dún 2017.

Ibi tí ìwádìí dé báyìí

Láti ìgbà náà, LIGO àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Virgo ní Italy àti KAGRA ní Japan, ti gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ tó nǹkan bíi 300. Méjì nínú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń sọ jù.

Àkọ́kọ́ wọlé ní 14 oṣù Kìíní, ọdún 2025. Ó mọ́ ju gbogbo èyí tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fi dán ohun tí Stephen Hawking sọ lọ́dún 1971 wò, pé bí ihò dúdú méjì bá para pọ̀, fífẹ̀ ojú ara rẹ̀ ò lè dín sí ti àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀. Fífẹ̀ ti àwọn méjèèjì jẹ́ nǹkan bíi 240,000 kìlómítà níbùú-lóròó, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ Nàìjíríà. Ti ọ̀kan tí wọ́n dà tó 400,000. Hawking, tó kú lọ́dún 2018, jàre.

Èkejì wọlé ní 23 oṣù Kọkànlá, ọdún 2023, wọ́n sì kéde rẹ̀ lọ́dún 2025. Ihò dúdú tó jáde níbẹ̀ wúwo tó bíi oòrùn 225. Òun ló wúwo jù nínú àwọn tí wọ́n fi ìgbì òòfà gbọ́ títí di ìgbà tí wọ́n kéde rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ìmọ̀ tí wọ́n ní nípa ikú ìràwọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbà kí ihò dúdú tó tóbi tó àwọn méjì tó para pọ̀ náà ti inú ìràwọ̀ jáde tààrà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn náà ti para pọ̀ tẹ́lẹ̀. Iyàn náà ò tíì tán.

Ipa Nàìjíríà àti Áfíríkà

Kò yẹ kí ọmọ Nàìjíríà rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan ni. Samuel Okoye, ọmọ Amawbia ní ìpínlẹ̀ Anambra, ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn lọ sí Cambridge. Lọ́dún 1965, òun àti Antony Hewish kéde pé àwọn rí ohun àjèjì kan, tó kéré gan-an tó sì ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́, nínú ìkùukùu ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Crab. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ó hàn pé òkú ìràwọ̀ ni, èyí tó wúwo ju oòrùn lọ àmọ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ ò ju ìlú kan lọ. Díẹ̀ ló kù kírú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ di ihò dúdú. Okoye padà wálé, ó sì dá iṣẹ́ ìwádìí ojú sánmà sílẹ̀ ní Nsukka, níbi tí ibùdó ìjọba àpapọ̀ fún ìmọ̀ òfuurufú wà títí dòní.

Ghana ti gba iwájú wa níbì kan. Ní Kuntunse, wọ́n mú àwo ńlá tí wọ́n fi ń gba ìpè òkè òkun láyé àtijọ́, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32, wọ́n sọ ọ́ di awò tó ń gbọ́ ìgbì rédíò ìràwọ̀, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2017. Nàìjíríà náà ní irú ibùdó ìpè bẹ́ẹ̀ ní Lánlátẹ̀, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, láti àwọn ọdún 1970. Kò tíì di awò. Ghana sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó bá South Africa dòwò pọ̀ lórí SKA, awò rédíò tó máa tóbi jù láyé. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Ní Namibia, wọ́n ń gbèrò awò tuntun tó máa dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń ya àwòrán ihò dúdú.

Kí ló kan ará Ore àti Odigbo?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí fóònù dírẹ́bà. Sátẹ́láìtì GPS ń fò ní nǹkan bíi 20,000 kìlómítà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbé aago. Fóònù máa ń fi àkókò tí ìgbì fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣírò ibi tó wà. Nítorí pé òòfà ò le lókè bíi ti ilẹ̀, aago òkè ń yára ju ti ilẹ̀ lọ. Eré tí sátẹ́láìtì ń sá ń fà á sẹ́yìn díẹ̀, àmọ́ kò tó. Lójúmọ́, aago náà máa ń fi 38 lọ́nà mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan yá jù. Ó kéré lójú, àbí? Tí wọn ò bá tún un ṣe, àṣìṣe tó máa wọlé láàárín ọjọ́ kan á lé ní kìlómítà 10. Ọkọ̀ tó dúró sí ọjà Ore, máàpù á gbé e sínú igbó.

Ohun tó tún kan ilé ni àwọn ọmọ. Dátà LIGO wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Iṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Gravity Spy tiẹ̀ ń gba ẹnikẹ́ni tó bá lè fojú ya ariwo sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbì gidi. Akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Odigbo tó bá rí kọ̀ǹpútà lò lè bẹ̀rẹ̀ lónìí. Fisíìsì àti ìṣirò ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ Fisíìsì ní FUTA Àkúrẹ́, ní Ifẹ̀ àti ní Ìbàdàn.

Ìkìlọ̀ kan ló kù. Lọ́jọ́ tí òṣùpá bá tún bo oòrùn, kí ẹnikẹ́ni má fi ojú lásán wò ó, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ má sì fi awò ojú tí wọ́n ń lò fún ẹ̀ṣọ́ dípò èyí tí wọ́n ṣe fún wíwo oòrùn. Ojú tó bá jóná níbẹ̀ kì í sábà padà bọ̀ sípò. Eddington fúnra rẹ̀, àwòrán ló yà.